Ṣé inú ìfun ni àìsàn ìgbàgbé ti ń bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́?

Ìbéèrè: "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin ni mí, ọmọ ọdún 54. Màmá mi ti pé 79, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí iyè wọn ti ń ra, wọ́n ní Alzheimer's ni. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni màmá ti ń ní àìrígbẹ́yà, ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún lè kọjá kí wọ́n tó yàgbẹ́, wọ́n sì fẹ́ràn nǹkan dídùn jù. Mo wá rí fídíò kan tí ọkùnrin kan ti ń sọ pé inú ìfun ni àìsàn ọpọlọ ti ń bẹ̀rẹ̀, pé ẹ̀gbin tó lẹ̀ mọ́ ìfun ló ń gòkè lọ ba ọpọlọ jẹ́. Ó ń ta kápúsù kan àti oògùn tí wọ́n fi ń fọ ìfun. Èmi náà kì í yàgbẹ́ dáadáa, mo sì ti ń gbàgbé orúkọ èèyàn. Ṣé oúnjẹ ló ṣe màmá mi? Ṣé kí n ra nǹkan yìí fún àwa méjèèjì? Kí ni kí n máa jẹ kí tèmi má bàa rí bíi tiwọn?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú màmá, mo mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, torí kì í ṣe ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ bi mí. Ẹ ń bèèrè nípa màmá, ẹ ń bèèrè nípa ara yín, àmọ́ ohun tí mo ń gbọ́ lábẹ́ gbogbo ẹ̀ ni pé ẹ ń wá ẹni tí ẹ máa di ẹ̀bi rù, bóyá màmá fúnra wọn tí wọ́n ń lá nǹkan dídùn, bóyá ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rà á fún wọn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà tí iyè wọn ń ra, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ tó mú òbí rẹ̀ wá tí kì í fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó bi mí pé "Dókítà, àbí oúnjẹ ni?" Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó yá. Kò sí dókítà kankan tó lè wo màmá yín kó ní oúnjẹ báyìí ló fa àìsàn yìí. Ẹ má ra oògùn ìfọfun yẹn o, ẹ má rà á fún màmá, ẹ má sì rà á fún ara yín. Àmọ́ pé ìfun àti ọpọlọ ń bára wọn sọ̀rọ̀, ìyẹn kì í ṣe irọ́, òótọ́ wà níbẹ̀, ọkùnrin inú fídíò yẹn ló kàn bu iyọ̀ sí i jù.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin yẹn kúrò nílẹ̀ ná. Kò sí ìdọ̀tí kankan tó lẹ̀ mọ́ ara ìfun láti ọdún mélòó kan. Awọ inú ìfun ń bó ni, tuntun ń rọ́pò rẹ̀, láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ, báwo wá ni nǹkan ṣe máa lẹ̀ mọ́ ọn fún ogún ọdún? Àwọn dókítà tó ń ki kámẹ́rà bọ ìfun ńlá láti wò ó, kódà lára ẹni tí kò yàgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, tó bá ti lo oògùn tó ń tú inú tán, mímọ́ ni wọ́n ń bá ibẹ̀. Ìgbẹ́ tó pẹ́ nínú kì í gòkè lọ síbì kankan, ìfun kàn ń fa omi inú ẹ̀ ni títí á fi le bí òkò. Ohun tí oògùn ìfọfun máa fọ̀ dànù ni omi ara àtàwọn iyọ̀ tí ọkàn àti kíndìnrín fi ń ṣiṣẹ́, tí ẹ bá sì ṣe ìyẹn fún ẹni ọdún 79, bípí lè já wálẹ̀, òòyì á kọ́ wọn, wọ́n lè ṣubú kí eegun ìdí ṣẹ́, iyè tó ti ń ra tẹ́lẹ̀ á wá dàrú ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo ti gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ rí, ọmọ rẹ̀ ló fún un lóògùn náà pẹ̀lú ìfẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi sùn sí ọsibítù.

Ó dáa, kí wá ni òótọ́ tó wà níbẹ̀? Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ara wa, inú ìfun ńlá lọ̀pọ̀ jù nínú wọn wà, wọ́n tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù 38, iye wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí iye hóró ara wa fúnra wa. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ṣe wá ní nǹkan kan, wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún wa ni. Fáíbà tó wà lára ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, èso àti ọkà tí wọn ò bó, ikùn wa ò lè da á, àwọn ni wọ́n ń jẹ ẹ́, ohun tó sì ń jáde lára oúnjẹ wọn yẹn, ásíìdì kéékèèké bíi butyrate, ara ògiri ìfun ló fi ń lágbára, ó sì ń bá àwọn hóró tó ń gbèjà ara sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má máa bínú láìnídìí. Tí ògiri yẹn ò bá dáa tó, àwọn nǹkan tí kò yẹ kó wọnú ẹ̀jẹ̀ máa ń jò wọlé díẹ̀díẹ̀, ara á wá máa wú lábẹ́lẹ̀, kì í ṣe wíwú tí ẹ máa fojú rí, èyí tó ń rọra ń jó nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni, a sì mọ̀ pé irú wíwú bẹ́ẹ̀ ò dáa fún ọpọlọ. Iṣan kan tún wà, vagus lorúkọ ẹ̀, láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ ló ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí ikùn àti ìfun, ìròyìn tó ń gbé gòkè sì pọ̀ ju èyí tó ń gbé wálẹ̀ lọ. Ìfun nìkan ní hóró iṣan ìmọ̀lára tó lé ní mílíọ̀nù 100. Nítorí náà ẹni tó bá ní ìfun ò kan ọpọlọ, kò mọ ohun tó ń sọ. Àmọ́ ẹ tún máa gbọ́ pé inú ìfun ni ara ti ń ṣe nǹkan bíi 90% serotonin, ìyẹn èròjà kan tí àwọn hóró iṣan fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á wá ní torí ẹ̀ ni ìfun ṣe ń darí ọpọlọ. Pé inú ìfun ni wọ́n ti ń ṣe é, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n serotonin inú ìfun kì í kọjá odi tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ, ọpọlọ ń ṣe tiẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bọ́ sórí Alzheimer's gan-an. Lọ́dún 2017 àwọn onímọ̀ ní Wisconsin l'Amẹ́ríkà wo ìgbẹ́ èèyàn 25 tó ní àìsàn yìí pẹ̀lú ti 25 tí kò ní in, wọ́n rí i pé oríṣiríṣi kòkòrò inú ìfun àwọn tó ń ṣàìsàn ti dín kù. Nígbà tó di 2023 àwọn míì ní St. Louis, l'Amẹ́ríkà náà, yẹ èèyàn 164 wò, gbogbo wọn ṣì ń ronú dáadáa, àmọ́ 49 nínú wọn ti ní àmì àìsàn náà nínú ọpọlọ láìmọ̀, kòkòrò inú ìfun àwọn 49 yìí sì ti yàtọ̀ sí tàwọn yòókù, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ tó bá jẹ́ ti ká wò ó lápapọ̀. Èyí wú mi lórí, mi ò purọ́. Ibi tó ti wá di kókó tó ta ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú eku, ní St. Louis kan náà, lọ́dún 2023. Wọ́n tọ́ àwọn eku tí wọ́n ti fi àbùdá àìsàn ọpọlọ sí lára dàgbà níbi tí kò sí kòkòrò kankan, ìfun wọn ṣófo, ọpọlọ wọn ò sì bàjẹ́ tó ti àwọn eku tó ní kòkòrò. Ẹ lè ní ẹ̀ẹ́n, kòkòrò ni ọ̀tá nìyẹn. Nígbà tí wọ́n wá fún àwọn eku tí ìfun wọn ṣófo yẹn ní àwọn ásíìdì kéékèèké tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní ọ̀rẹ́ ọpọlọ, bíbàjẹ́ yẹn tún padà. Ohun kan náà tó ń tún ògiri ìfun ṣe, ó ń pa ọpọlọ eku lára. Mi ò sọ èyí láti fi dẹ́rù bà yín nítorí ẹ̀wà o, eku ni eku, èèyàn ni èèyàn. Mò ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe ìwádìí yìí fúnra wọn ò tíì mọ èwo ni kòkòrò rere èwo ni búburú fún ọpọlọ, tí ẹnì kan bá wá ní òun ti kó èyí tó dáa sínú kápúsù, ẹ bi í pé ta ló sọ fún un.

Ohun míì tún wà tí fídíò yẹn ò lè sọ fún yín, ìyẹn ni èwo ló ṣáájú èwo. Nǹkan tó ń dì sínú ọpọlọ nínú Alzheimer's máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 15 sí 20 kí ẹnikẹ́ni tó ṣàkíyèsí pé onítọ̀hún ń gbàgbé. Láàárín àkókò yẹn ìwà èèyàn ti ń yí díẹ̀díẹ̀: imú ò gbóòórùn mọ́ dáadáa, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu wọn mọ́, wọ́n á yan nǹkan dídùn torí òun nìkan ló ṣì ń dùn, wọn ò rìn káàkiri mọ́, wọn ò rántí mumi. Gbogbo ìwọ̀nyí á ba ìyàgbẹ́ jẹ́, á sì yí kòkòrò inú ìfun padà. Nítorí náà tí a bá bá ìfun tó yàtọ̀ lára aláìsàn, ó lè jẹ́ àìsàn ló yí ìfun padà, kì í ṣe ìfun ló fa àìsàn. Nínú àìsàn Parkinson's nìkan ni mo ti máa ń fara mọ́ ọ̀rọ̀ "ìfun ló ṣáájú" díẹ̀, torí àìrígbẹ́yà máa ń ṣáájú ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ lọ́dún púpọ̀ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ti màmá yín tí ẹ ní láti ìgbà tí ẹ ti gbọ́njú ni, ìyẹn ti tó 40 ọdún nìyẹn, àìrígbẹ́yà lásán ni mo máa pè é, bó ṣe ń ṣe ẹgbàágbèje èèyàn tí iyè wọn ò ra títí wọ́n fi kú.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Ibi tí ìjà pọ̀ sí nìyí. Lọ́dún 2015 àwọn kan ní Chicago ṣe oúnjẹ kan jáde tí wọ́n pè ní MIND, ẹ̀fọ́ tútù, ẹ̀wà, èso kéékèèké bíi strawberry, ẹja, ẹ̀pà àti irú ẹ̀, òróró ólífì, kí ẹran pupa, bọ́tà, nǹkan dídíndín àti dídùn dín kù. Wọ́n wo èèyàn 923, àwọn tí oúnjẹ wọn sún mọ́ ọn jù, Alzheimer's tó mú wọn dín ní 53% sí ti àwọn tó jìnnà sí i jù. Gbogbo ayé pariwo ẹ̀. Àmọ́ wíwò ni wọ́n wò, ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́ náà ló sábà máa ń rìn, tí kì í mu sìgá, tó kàwé, tó ní owó dókítà, ta ló wá mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀? Ni wọ́n bá ṣe ìdánwò gidi, èsì ẹ̀ jáde ní 2023, èèyàn 604 fún ọdún mẹ́ta, ìdajì jẹ MIND, ìdajì jẹ oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n kí wọ́n dín in kù díẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣe dáadáa sí i, kò sì sí ìyàtọ̀ tó ṣe é dì mú láàárín wọn. Lọ́dún 2019 náà, ìwádìí kan ní Gẹ̀ẹ́sì lórí òṣìṣẹ́ ìjọba 8,225 tí wọ́n tẹ̀ lé fún nǹkan bí ọdún 25 rí i pé bí oúnjẹ wọn ṣe dáa tó nígbà tí wọ́n wà lágbedeméjì ayé wọn ò sọ ẹni tí iyè rẹ̀ máa ra. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa bà yín nínú jẹ́ díẹ̀. Tèmi ni pé ọdún mẹ́ta kéré jù fún àìsàn tó ń fi ogún ọdún dì, àti pé bíbèèrè ohun tí èèyàn jẹ lọ́wọ́ ẹ̀, irọ́ ló pọ̀ nínú ẹ̀ (àwa náà tí à ń bèèrè ń parọ́ fún dókítà tiwa), ṣùgbọ́n mi ò lè torí pé mo fẹ́ràn ẹ̀fọ́ kí n wá máa bò ó mọ́lẹ̀ pé ìdánwò náà ò yọrí sí bí a ṣe rò.

Ibi tí ọkàn mi ti balẹ̀ ni ibi tí oúnjẹ ò ti dá rìn. Wọ́n ṣe ìdánwò kan ní Finland, èsì ẹ̀ jáde ní 2015, èèyàn 1,260 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 60 sí 77, ọdún méjì: oúnjẹ tó dáa, eré ìdárayá, iṣẹ́ tó ń mú ọpọlọ ronú, kí wọ́n sì máa ṣọ́ bípí àti ṣúgà, gbogbo ẹ̀ papọ̀, ìrònú àwọn tó ṣe é sì yá ju ti àwọn tí wọ́n kàn gbà nímọ̀ràn lọ. L'Amẹ́ríkà wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún èèyàn 2,111, èsì jáde ní 2025, àwọn tí wọ́n tọ́ sọ́nà dáadáa àtàwọn tí wọ́n ní kí wọ́n lọ máa ṣe é bó ṣe wù wọ́n, àwọn méjèèjì ló sunwọ̀n sí i, àwọn àkọ́kọ́ sì fi díẹ̀ ju àwọn kejì lọ. Ọ̀nà kan ò wọjà, làwọn àgbà wí. Tí ẹ bá sì wá wo àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ Lancet, ìwé ìròyìn ìṣègùn yẹn, ti 2024, ohun 14 ni wọ́n kà tó ń fa àìsàn ìgbàgbé tí èèyàn lè ṣe nǹkan sí, wọ́n ní tí wọ́n bá kúrò nílẹ̀ pátá, ó lè tó 45% àìsàn náà láyé tí kò ní wáyé tàbí tó máa pẹ́ kó tó dé. Oúnjẹ ò sí lára àwọn 14 yẹn lórúkọ tirẹ̀, ìfun ò sí níbẹ̀ rárá. Àmọ́ ẹ wò wọ́n: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀, sísanra jù, ọtí àmujù, ibo ni ìwọ̀nyí ń gbà wọlé bí kò ṣe ẹnu? Ọpọlọ ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe tóbi lọ, iṣan tó ń gbé e dé ibẹ̀ tín-ín-rín bí òwú, bípí tó ga fún ogún ọdún ló ń já wọn, ṣúgà ló ń mú wọn le, rọpárọsẹ̀ kéékèèké tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ á máa ṣẹlẹ̀ nínú. Lójú tèmi, tí oúnjẹ bá máa gba ọpọlọ là, ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló máa gbà kó tó gba ti ìfun. Àwọn tó kù nínú 14 yẹn, bíi kí etí máa di láìlo ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀, kí èèyàn máa dá wà, sìgá, kò kan ikùn rárá, ẹ má sì fojú fo etí màmá.

Tí ẹ bá wá ní kí n sọ ohun tí ẹ máa jẹ, kò ní dùn létí torí kò sí àrà nínú ẹ̀. Kí ẹ̀fọ́ àti èso tó nǹkan bíi gíráàmù 400 lójúmọ́, kí fáíbà tó gíráàmù 25 ó kéré tán, kí iyọ̀ má ju gíráàmù 5 lọ, ìyẹn ṣíbí ìpotíì kan péré pẹ̀lú èyí tó ti wà nínú búrẹ́dì àti oúnjẹ alágolo. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà àti ẹja máa gba ipò ẹran pupa lọ́jọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀. Ẹ máa rọra fi kún fáíbà o, ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú omi, torí tí ẹ bá kì í wọlé lójijì inú á wú bí ìlù, ẹ ó sì ní dókítà ló pa yín. Nípa oúnjẹ kíkan bíi yógọ̀ọ̀tì, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Stanford l'Amẹ́ríkà fún àwọn kan nínú èèyàn 36 ní oríṣi ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, èsì ẹ̀ jáde ní 2021, kòkòrò inú ìfun wọn di oríṣiríṣi sí i, àmì wíwú nínú ẹ̀jẹ̀ wọn sì dín kù. Kò kan iyè o, wọn ò wo iyè, àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ràn ẹ̀ tí kò sì sí ṣúgà nínú ẹ̀, ẹ máa jẹ ẹ́. Kápúsù probiotic, ìyẹn èyí tí wọ́n kó kòkòrò àìfojúrí sínú ẹ̀, ìdánwò kéékèèké wà lórí ẹ̀, òmíràn ní ó ṣe díẹ̀, òmíràn ní kò ṣe nǹkan kan, mi ò kọ ọ́ fún aláìsàn mi kankan nítorí iyè. Ginkgo, oògùn ewé kan tí wọ́n máa tà fún yín lẹ́yìn èyí, wọ́n ti dán an wò lára èèyàn tó lé ní 3,000, èsì jáde ní 2008, kò dí àìsàn ìgbàgbé lọ́wọ́. Àjọ ìlera àgbáyé náà sọ ní 2019 pé kí wọ́n má fún àwọn èèyàn ní fítámì B, fítámì E tàbí òróró ẹja oníkápúsù torí kí iyè má bàa ra.

Fítámì B12 nìkan ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀, torí níbẹ̀ gan-an ni ikùn ti lè mú kí èèyàn máa gbàgbé lóòótọ́, tí kò sì ní àríyànjiyàn nínú. B12 ò lè wọ ẹ̀jẹ̀ dáadáa àyàfi tí ikùn bá ṣe èròjà kan tó máa gbé e, bí èèyàn bá sì ti ń dàgbà ikùn ń rẹ̀, ẹni tó bá tún ti ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà tàbí omeprazole fún ọgbẹ́ inú fún ọdún púpọ̀, ìyẹn tún ń dín in kù. Tí B12 bá lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ á máa ro èèyàn bí ẹni pé ó kú, á máa gbọ̀n tó bá ń rìn, iyè á máa ra, ìbínú òjijì á wọlé. Ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ lásán, tó bá lọ sílẹ̀ wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́ tàbí kápúsù, tí wọ́n bá tètè mú un púpọ̀ nínú ẹ̀ á padà. Kò ní wo Alzheimer's sàn, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí èèyàn tó ní méjèèjì, tí wọ́n wá sọ gbogbo ẹ̀ di Alzheimer's torí wọn ò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ ọ̀fun, ìyẹn tairọ́ọ̀dì, náà lè fa ìgbàgbé pẹ̀lú àìrígbẹ́yà nígbà kan náà, tẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ náà wà.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti rí jù lọ tó ń so ìfun mọ́ ọpọlọ nínú iṣẹ́ mi, kì í ṣe kòkòrò o, àpò oògùn ni. Bàbá kan, ọdún 83, ni wọ́n gbé wá, ó ti ń gbàgbé díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lóru, ó ń rí àwọn tí kò sí níbẹ̀, àwọn ọmọ ní àìsàn náà ti fò sókè. Mo fọwọ́ kan ikùn ẹ̀, ó le koko, ọjọ́ kẹsàn-án tí kò yàgbẹ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n da àpò oògùn ẹ̀ sórí tábìlì, oògùn kan wà níbẹ̀ fún àìlèmú ìtọ̀ dúró, òmíràn fún oorun tí wọ́n kàn rà lọ́wọ́ ara wọn, irú èyí tó wà nínú oògùn òtútù àtijọ́. Irú àwọn oògùn wọ̀nyí ń dí iṣẹ́ èròjà kan lọ́wọ́ tí ìfun fi ń yí, tí ọpọlọ náà sì fi ń rántí nǹkan, torí náà oògùn kan náà ló ń dá ìgbẹ́ dúró tó tún ń ṣú bo iyè. Àwọn kan tí wọ́n ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí ìrora iṣan, bíi amitriptyline, wà nínú ẹbí yẹn pẹ̀lú. A tú bàbá níkùn, a yọ oògùn méjì kúrò, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n ti padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìgbàgbé tiwọn ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ariwo òru ti lọ. Ẹ má fọwọ́ ara yín yọ oògùn kankan fún màmá o, àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá dá a dúró lójijì wàhálà míì ni, ẹ kàn kó gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀rá kan, tó fi mọ́ ti àgbo àti ti òtútù, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà wọn.

Ti ẹ̀yin fúnra yín, kéèyàn máa gbàgbé orúkọ lọ́mọ ọdún 54, tó bá tún padà sọ́kàn yín lẹ́yìn wákàtí kan, mi ò ní torí ìyẹn sùn láìjẹun. Ẹ ń tọ́jú màmá tọ̀sán-tòru, oorun yín ò tó, nǹkan oṣù ń lọ sópin lásìkò yẹn, gbogbo ìwọ̀nyí ń jẹ orúkọ mọ́ èèyàn lẹ́nu. Èyí tó yẹ kó ta yín jí ni tí ẹ bá ń sọnù lójú ọ̀nà tí ẹ mọ̀, tí ẹ ò lè ṣe ìṣirò tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, tàbí kí àwọn ẹlòmíì máa sọ fún yín pé ẹ ń bèèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ẹ̀yin ò sì mọ̀. Pé màmá ní in fi díẹ̀ kún ewu tiyín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ogún tó di dandan, pàápàá tó jẹ́ pé lẹ́yìn 75 ló mú wọn. Ìyàgbẹ́ yín náà, omi, fáíbà, rírìn, kí ẹ má máa dá a dúró tó bá ń pè yín. Ṣùgbọ́n tí ìyàgbẹ́ yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà ni, tàbí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀, tàbí ẹ ń rù láìgbààwẹ̀, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìfun ńlá wò, ìyẹn ò kan iyè mọ́, jẹjẹrẹ ìfun ni mò ń rò. Kí ẹ sì yẹ bípí yín wò lọ́sẹ̀ yìí, mo máa fi èyí ṣáájú gbogbo ohun tí ẹ lè rà.

Nǹkan dídùn màmá, mi ò ní kí ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Tí wọn ò bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ní ipò tí wọ́n wà yìí rírù ni mò ń bẹ̀rù ju sísanra lọ, ọ̀pọ̀ wọn ló ń rù títí eegun fi ń yọ torí wọ́n gbàgbé pé àwọn ò tíì jẹun. Kò sí oúnjẹ tó máa mú ọpọlọ tó ti lọ padà, ẹ má jẹ́ kí àkókò oúnjẹ di ìjà láàárín yín. Ẹ fi nǹkan dídùn tàn wọ́n jẹ èyí tó kù, ẹ gún èso mọ́ yógọ̀ọ̀tì, ẹ jókòó jẹun pẹ̀lú wọn torí ẹni tó ń gbàgbé máa ń jẹ tó bá rí ẹlòmíì tó ń jẹ, ẹ gbé omi sí wọn lọ́wọ́, kì í ṣe sórí tábìlì. Ẹ sì kọ ọjọ́ tí wọ́n bá yàgbẹ́ sórí kàlẹ́ńdà, tó bá ti di ọjọ́ kẹta, ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn ìyàgbẹ́ tí dókítà wọn bá ti kọ fún wọn, ẹ má dúró de ìkarùn-ún. Tí èsì B12 àti ti tairọ́ọ̀dì bá jáde, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú orúkọ gbogbo oògùn tó wà nínú ọ̀rá yẹn, ká jọ wò ó.